Ọmọ Mi Ń Gba Ipò Kìíní, Ṣùgbọ́n Ìwà Rẹ̀ Ń Kọ Mí Lóminú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kubwa, ní Abuja, ni a ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Primary 4 ló wà, ipò kìíní ló sì ń gbà láti Primary 1. Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo rìsọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa, mo wá rí i pé 2 nínú 5 ni olùkọ́ fún un lórí òtítọ́ sísọ, 2 náà ló fún un lórí bó ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo bi olùkọ́ léèrè, ó ní kí n má dààmú, pé ọmọ tó lọ́pọlọ báyìí, bó bá dàgbà, ìwà rẹ̀ á tún ṣe. Nílé, kì í gbé ṣíbí nílẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 tí wọ́n mú wá fún wa láti ìlú ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ń purọ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó ń pàṣẹ fún bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa, ẹni tó ju bàbá rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ní ẹgba ló kù. Kí ni kí n ṣe kó lè di ènìyàn, kó sì wúlò fún ìlú? Àbí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ òbí o, ìyá ọmọ. Ẹ ṣeun tí ẹ wo apá ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá ń pín èsì, ibi tí wọ́n kọ ipò sí ni ojú ọ̀pọ̀ òbí ń sáré lọ. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ká ìwé náà sínú báàgì. Apá tí wọ́n kọ ìwà sí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 wọlé ní 1982, ara ohun tó bá a dé ni pé kí olùkọ́ máa díwọ̀n ọmọ jálẹ̀ tẹ́ẹ̀mù, lọ́nà mẹ́ta: ohun tí orí rẹ̀ mọ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe, àti irú ènìyàn tó ń dà. Àwọn olùkọ́ mìíràn a máa kọ 4 fún gbogbo kíláàsì kí òbí má baà bínú. Èyí tó bá kọ 2 ti rí nǹkan. Ẹ padà lọ bá a, kì í ṣe láti jà. Ẹ ní kó sọ ohun kan pàtó tó ṣojú rẹ̀ fún yín: ọjọ́ wo ni, ta ni ọmọ yín bá ṣe é, báwo ló ṣe parí.

Ṣùgbọ́n èyí tó ní ìwà á tún ara rẹ̀ ṣe bí ọmọ bá dàgbà, n kò gbà á gbọ́. Ẹ wo àwọn tó ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn lórí títì márosẹ̀ Kubwa láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kàwé dáadáa.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbá mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ. Ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ọmọ, tí ẹlòmíràn gbójú lé, tí ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ jíhìn fún, òun ló ń sọ ọ́ di ènìyàn. Kí ọmọ tó mọ ohun tí Nàìjíríà ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kó ti mọ bí a ṣe ń jẹ́ ẹni tí ilé lè fọkàn tán, tí kíláàsì lè fọkàn tán, tí àdúgbò lè rán níṣẹ́.

Ọjọ́ orí tí ọmọ yín wà yìí gan-an ni àkókò rẹ̀. Erik Erikson, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, ní láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá, ohun tí ọmọ ń bi ara rẹ̀ láìlanu ni pé, kí ni mo lè ṣe? Ṣé mo wúlò? Bó bá rí iṣẹ́ ṣe tó sì yọrí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bí kò bá rí, á máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò tó. Àwọn bàbá wa ti ń ṣe èyí kí wọ́n tó bí Erikson. Bàbá tó ń lọ oko á ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọkọ́ kékeré fún ọmọ, á sì fún un ní ebè mélòó kan tó jẹ́ tirẹ̀. Bàbá lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ ebè wọ̀nyẹn fúnra rẹ̀, á sì dára ju ti ọmọ lọ. Kò ṣe é.

Ọmọ yín, ní tirẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló ti mọ̀ pé òun wúlò: ipò kìíní. Ẹrù ńlá ni fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ohunkóhun tó bá fẹ́ mi ipò yẹn, irọ́ ni yóò fi gbé e ró, mo sì fura pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú irọ́ tí ẹ ń gbọ́ ti ń wá. Ní 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ tí wọ́n fi díẹ̀ ju ọmọ yín lọ. Wọ́n fún àwọn ọmọ náà ní iṣẹ́ ṣe, wọ́n wá yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n gbìyànjú gan-an. Nígbà tí iṣẹ́ tó le dé, àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ ni iṣẹ́ náà tètè sú. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí kálukú kọ máàkì tó gbà sílẹ̀ fún ọmọ mìíràn tí kò mọ̀ rí. Àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ yìí kan náà ló fi irọ́ kún máàkì wọn jù.

Nítorí náà, láti òní lọ, ẹ dín "ọlọ́pọlọ ọmọ" kù lẹ́nu, kí ẹ sì bẹ àwọn àǹtí àti àbúrò bàbá rẹ̀ kí wọ́n dín in kù. Bó bá mú 18 nínú 20 wálé, ẹ bi í pé, "Èwo ló le jù níbẹ̀? Báwo lo ṣe yanjú ẹ̀?" Bó bá mú 9 wálé, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi í, pẹ̀lú ohùn kan náà. Ohùn yín ni yóò fi wọ̀n yín.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí iṣẹ́ ilé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. N kò sọ iṣẹ́ ìjìyà. N kò sì sọ ti "wá bá mi gbé èyí", nítorí ìrànlọ́wọ́ nìyẹn, ẹ̀yin lẹ ṣì ni iṣẹ́ náà. Mo ń sọ iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, tí ẹnikẹ́ni kì í rán an létí, tí gbogbo ilé á sì mọ̀ bí kò bá ṣe é. Omi mímu ni mo máa ń mú lápẹẹrẹ fún àwọn òbí níhìn-ín. Kí òun máa fọ àwọn ike omi, kó máa rọ omi mímu sí wọn lálẹ́, kó tò wọ́n sínú fíríìjì. Ní oṣù Kẹta, tí ooru Abuja bá gbóná janjan, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ bí fíríìjì bá ṣófo.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á dùn mọ́ ọn. Tó bá yá, á gbàgbé. Bàbá rẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé láti Wuse, òógùn á bò ó, á ṣí fíríìjì, á bá ike mẹ́rin tó gbẹ. Ibí yìí ni òbí ti máa ń ba nǹkan jẹ́. Ìyá á sáré lọ rọ omi kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, tàbí kí bàbá fi igbe ta: "Aláìníláárí ọmọ!" Ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kí bàbá pè é, kó sọ fún un pé, "Mo wá mu omi, n kò bá a," kó sì dákẹ́. Kó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mu lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ á dìde lọ rọ omi láìsí pé ẹnì kan tún lanu. Bí kò bá dìde, ẹ bi í pé, "Kí lo fẹ́ ṣe sí i?" kí ẹ dúró de èsì, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bó bá ti tún un ṣe, ó tán. Ẹ má fi pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má sì sọ ọ́ fún àlejò. Ohun tó máa kù sí i lọ́kàn ni pé nígbà tí òun ò ṣe tòun, ẹnì kan pàtó ló jìyà ẹ̀, ọwọ́ òun ló sì ti ní àtúnṣe.

Ọmọ ọdún mẹ́fà lè to bàtà, kó sì ká aṣọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lè dáná oúnjẹ kan lọ́sẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ má sanwó fún un lórí iṣẹ́ tó bá ṣe nílé. Ẹ̀bùn ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í san owó fún ọmọ kó tó gbé abọ́ tó fi jẹun.

Ẹ fi owó kọ́ ọ náà. Ẹ rán an lọ ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ mọ̀, tó wà nítòsí. Bó bá dé, kó kọ iye tó ná sínú ìwé, kó kó ṣéńjì lé e. Ẹ máa ka ṣéńjì yẹn lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ẹ fura àti ọjọ́ tí ẹ ò fura. Kí bàbá rẹ̀ náà máa jíhìn owó ọjà fún yín lójú ọmọ, kí ẹ̀yin náà máa jíhìn fún un. Bó bá ti jẹ́ àṣà ilé, kò ní jọ ẹ̀sùn sí i.

Nípa ẹgba tí bàbá rẹ̀ ní ló kù, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kà sétí rẹ̀. Ní 2011, Victoria Talwar àti Kang Lee tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lágbègbè tiwa níbí. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi méjì ni wọ́n lò, ọ̀kan tí wọ́n ti ń na ọmọ, ọ̀kan tí wọn kì í ti í nà wọ́n. Wọ́n fi nǹkan ìṣeré kan sẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin, wọ́n ní kó má bojú wẹ̀yìn, wọ́n sì jáde. Ní ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì, púpọ̀ jù lọ àwọn ọmọ náà ló bojú wẹ̀yìn, bí ọmọdé ṣe rí nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n wá bi wọ́n léèrè ni ìyàtọ̀ hàn. Níbi tí wọ́n ti ń nà wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó wẹ̀yìn ló purọ́. Níbi kejì, ó ju ìdajì wọn lọ díẹ̀. Irọ́ àwọn tí wọ́n ń nà sì dán ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n mọ bí a ṣe ń tẹ̀lé e kó má baà tú. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin! Kí bàbá ọmọ rò ó wò, ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á ti kọ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe dípò rẹ̀ kò le. Ẹ má bi í ní ohun tí ẹ ti mọ̀. Bí ẹ bá ti rí i pé òun ló fọ́ gíláàsì, ẹ má sọ pé "Ta ló fọ́ ọ?" nítorí ẹ̀yin lẹ ń ṣí ilẹ̀kùn irọ́ fún un. Ẹ sọ pé, "Mo rí i pé o fọ́ gíláàsì. Wá ìgbálẹ̀, ká jọ gbá a kó má gún ẹnikẹ́ni." Bó bá wá sọ òtítọ́ tó ṣòro fún yín látọkàn rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó sọ nípa ohun tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, kó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Bó bá jẹ́ pénsù ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́, kó fi owó tó ti kó jọ ra òmíràn, kó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, kó sì fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ má bá a bẹ̀ ẹ́.

Ó ku ti bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló mọ orúkọ rẹ̀ nínú ilé yín? Ta ló mọ ìlú rẹ̀, iye ọmọ tó bí? Bí àgbà bá ń jókòó sínú ọkọ̀ tó ń fọn fèrè fún un láìkí i, ọmọ ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ẹ mú ọmọ yín lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọwọ́ dilẹ̀, kó bèèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì jókòó díẹ̀. Bó bá jẹ́ Hausa ló ń sọ, kí ọmọ kọ́ "ina kwana" fún òwúrọ̀ àti "sannu da aiki" nígbà tó bá bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ìdọ̀bálẹ̀ tí ẹ fi kọ́ ọ fún àwọn àgbà Yorùbá, ọjọ́ orí ló ni ín, kì í ṣe ẹ̀yà, kì í ṣe owó. Kí ẹ sọ èyí fún un ní gbangba.

Ní ìlú bí Abuja, èyí gan-an ni ẹ̀kọ́ nípa orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí ní àwọn tó ni ín kó tó di olú-ìlú. Ní 1976 ni òfin yà á sọ́tọ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 sì ni ìjọba kó dé láti Èkó. Gbagyi, Koro, Gwandara, Gade àti àwọn mìíràn ló ń dáko níbẹ̀ kí a tó wá, púpọ̀ nínú wọn sì ni wọ́n ṣí nípò kí àwọn títì tí à ń gbà lè wà. Bí ẹ bá rí náírà 20 lọ́wọ́, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè fún ọmọ yín. Obìnrin tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba òkìkí dé òkè òkun. Kwali tó wà lórúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà Abuja ni. Ẹ mú un lọ sí Ushafa lọ́jọ́ Sátidé kan, abúlé tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìkòkò mímọ, kò jìnnà sí Kubwa. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ kan amọ̀ lọ́dọ̀ obìnrin Gbagyi kan, kí ẹ wò ó bóyá á lè fi ọmọ Gbagyi kankan ní kíláàsì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá dé, òun ni kí ẹ fi gbé abọ́ ẹran tàbí ìrẹsì lọ fún aládùúgbò tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn yín. Àwa Yorùbá mọ èyí ṣe. Ká má ṣe gbàgbé rẹ̀ nítorí pé a wà nínú ẹsíteeti tó ní géètì.

Ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kà ní àpéjọ òwúrọ̀, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọọba Ṣakí, Felicia Adebola Adedoyin, ló kọ ọ́ ní 1976. Orin ìyìn orílẹ̀-èdè tí ọmọ yín kọ́kọ́ mọ̀ kì í ṣe èyí tó ń kọ báyìí, nítorí ìjọba dá ti àtijọ́ padà ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2024. Kó mọ méjèèjì dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀jẹ́. Lọ́jọ́ tó bá dá ṣéńjì pé, tàbí tó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ẹ sọ fún un nígbà náà pé ohun tó ń ka lójoojúmọ́ nípa òtítọ́ nìyí, òun ti ṣe é lónìí.

Ìwà tiwa náà ńkọ́? Òfin ilé ìfowópamọ́ àgbà (CBN) ti 2007 ka títẹ náírà mọ́lẹ̀ àti fífọ́n owó síni lára lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ á sì gbọ́ ọ ní kíláàsì. Lọ́jọ́ Sátidé, á rí wa lóde àríyá. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí à ń jù láti fèrèsé ọkọ̀, wọ́n ń rí i. N kò ní fa èyí gùn, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó wà lára iṣẹ́ wọn, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Nípàdé òbí àti olùkọ́, ẹ béèrè ohun méjì péré. Èkíní, kí mọ́nítọ̀ kíláàsì máa yí ká, kí ó má jẹ́ ọmọ tó gba ipò kìíní nìkan, nítorí ọmọ tó ń gbẹ̀yìn pàápàá nílò ohun tí yóò jíhìn fún. Èkejì, kí àwọn ọmọ jọ fẹnu ara wọn ṣe òfin kíláàsì mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ̀mù, kí wọ́n sì jọ sọ ohun tí ẹni tó bá rú u máa ṣe láti tún un ṣe. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ní ẹgbẹ́ Scout, ẹ jẹ́ kó wọ ọ́, kódà bó bá gba pé kí ẹ yọ ọjọ́ kan kúrò nínú lẹ́sìnnì. Ọmọ tó ti ń gba ipò kìíní, kí ni ó ń fi lẹ́sìnnì ojoojúmọ́ ṣe?

Mo fi ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn, òun ló wúwo jù lọ́kàn mi: ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 yẹn. Ẹ kò sọ bóyá ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí a ń pè ní UBE, ti 2004, sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ ka ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tó de Abuja, sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18, kò sì fàyè gba kí wọ́n gbà á síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Ọmọ yín ń rí i lójoojúmọ́ pé ọmọdé méjì ló wà lábẹ́ òrùlé kan, ọ̀kan ń kàwé, èkejì ń fọ abọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bó ṣe ń bá bàbá géètì sọ̀rọ̀. Ẹ pe àwọn òbí ọmọbìnrin náà lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá lè padà sọ́dọ̀ wọn kó máa kàwé, ẹ ràn án lọ́wọ́ títí yóò fi wọlé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún. Bí kò bá sí ibi tó lè padà sí, kó dúró gẹ́gẹ́ bí ọmọ, kì í ṣe òṣìṣẹ́, kí ẹ sì lọ bèèrè ní JSS ìjọba tó sún mọ́ yín ohun tí wọ́n ń gbà kí tẹ́ẹ̀mù tó wọlé. Lọ́nà méjèèjì, abọ́ fífọ̀, ilẹ̀ gbígbá àti omi mímu á wà nílẹ̀ láìní ẹni tí yóò ṣe wọ́n. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti pín iṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ kálukú sára ìwé pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, kí orúkọ bàbá ilé sì ṣáájú.